Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ayédèrú péálì fún wa

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń fọwọ́ to ìlẹ̀kẹ̀ sára aṣọ, ṣé ojú yín rí ohun tójú mi rí? Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta péálì yìí ti dé góńgó ẹ̀mí mi.

Gáùn àwọn ìyá wa l'Ékòó láyé ọjọ́un ni mo ń rán fún oníbàárà kan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi kánífà Fanti, àríyá ìta gbangba l'Ékòó. Irú èyí tí àwọn ìyàwó Sàró (àwọn tó ti Sierra Leone padà dé) àti Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà dé) ń wọ̀ láàárín 1880 sí 1889: ọrùn gíga, apá tó fún mọ́ra, bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ láti ọ̀fun dé ìbàdí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wá yọ gọńgọ. Gbogbo àyà rẹ̀ ni mo to péálì sí, mo ń ta òwú ní kókó lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo to ó sára fìlà rẹ̀, mo to ó sára àpò ọwọ́.

Obìnrin tó ta péálì náà fún mi fi ọmọ búra. "Àǹtí, ojúlówó ni, kò lè bó láéláé." Mo ní kó jẹ́ n fi omi ọṣẹ wò ó, ó ní ṣé mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́ ni.

Ọjọ́ tí oníbàárà wá wọ̀ ọ́ wò, òógùn lásán ló kan èyí tó wà nítòsí abíyá. Kó tó bọ́ aṣọ, péálì ti ń ṣí! Mo fi èékánná kàn án, èèpo funfun bọ́ sí mi lọ́wọ́, rọ́bà eléérú ló kù síbẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi.

Ihò wọn ńkọ́? Òmíràn ò gba abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù lọ, òmíràn mú débi pé ó ń gé òwú. Okùn tí wọ́n ń tà fún wa, wọ́n ti yọ péálì kúrò lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì padà lọ rà kún un, funfun àná ti pọ́n. Oníbàárà á tún máa bi yín pé kí ló wọ́n nínú kéèyàn kàn to ìlẹ̀kẹ̀! Ẹ wá jókòó tì mí lóru, kẹ́ ẹ wò ó!

Mo kó o padà lọ bá obìnrin yẹn. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Èmi tó ń pè ní kọ́sítọ́mà òun látọjọ́ yìí!

Mo ń fi abẹ tú u báyìí, díẹ̀díẹ̀, kí sátíìnì má baà ya. Ojú abẹ́rẹ́ ò sì ní parẹ́ lára rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ gbọ́ o: kí gbogbo ẹni tó ń ta péálì gbé abọ́ omi gbígbóná síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ká jù ú sí i ká tó sanwó. Ẹni tí kò bá gbà, kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò lọ́jà.