Ta ló ní ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ nìkan ló lè kọ ìtàn ìfẹ́?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan báyìí ní àdúgbò Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bọ̀dá kan gba ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọ ìtàn ìfẹ́, ó ka ojú ìwé kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tọ́kùnrin ò tíì já jù sílẹ̀ rí, kí lo fẹ́ kọ? Wọn kì í kọ́ èèyàn nírú èyí. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ́ rí ni." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń mi orí bí alángbá. Wọ́n á tún máa fi "ẹni tó kàn ló mọ̀" gbè é lẹ́sẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣé ó wá mọ̀ ọ́n kọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Sẹ̀gilọlá ló pe ara rẹ̀, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó wá ń ro ẹjọ́ gbogbo ọkùnrin tó ti bá kọjá fún olóòtú, ó ń sunkún, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọge pé kí wọ́n má ṣe bíi tòun. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Àwọn kan kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀.

Ta wá ni Sẹ̀gilọlá? Isaac Babalọlá Thomas ni, olóòtú yẹn fúnra rẹ̀. Ọkùnrin! Kò ní ọkọ kan ṣoṣo, áḿbèlètasé ẹgbẹ̀rún. Ohun tó ní ni iṣẹ́ ọwọ́. Ó mọ̀ pé bí obìnrin náà bá ń dárúkọ àdúgbò Èkó, tó ń rántí orin tí wọ́n ń kọ nígbà èwe rẹ̀, tó ń fi ẹwà rẹ̀ yangàn kó tó bú sẹ́kún, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n fi ìtàn náà ṣe ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì ń pè é ní ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní Yorùbá. Kí ẹni tó ní wọn kì í kọ́ ọ wá sọ ọgbọ́n tí bàbá yẹn fi kọ ọ́ fún mi.

Ẹkún ìyàwó ńkọ́? Ọmọge tí kò tíì wọlé ọkọ rí ló ń sun ún ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìyá mi àgbà ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lòun ti kọ́ ọ, pé bí òun bá ti gbé ohùn gba ibi tí kò yẹ, ẹ̀gbọ́n á ní kóun padà lọ mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tọ́jọ́ wá pé, bàbá wọn tójú ẹ̀ le bí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ẹkún tí wọ́n fi ìyà kọ́ èèyàn nìyẹn o, omi ojú gidi ló ń bọ́ níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ń bẹ. Jane Austen, òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lọ́kọ títí ó fi kú ní 1817. Ní 1797, atẹ̀wé kan kọ ìwé rẹ̀ kan láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún un ṣe, ó jáde ní 1813, wọ́n ṣì ń kà á dòní. (Wọ́n á ní ó ti bá ọ̀dọ́kùnrin kan jó rí. Ijó ló wá kọ ìwé?)

Èmi tí mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ ka ìtàn tí wọ́n kọ, mo mọ ohun tójú mi ń rí. Àwọn tí nǹkan ọ̀hún ṣe gan-an ni ìtàn wọn máa ń le kà jù. Ọkùnrin kan tíyàwó kọ̀ gbé tiẹ̀ wá: ọkàn mi gbọgbẹ́, ìfẹ́ rẹ̀ ń pa mí, ojú ìwé tẹ̀ lé ojú ìwé. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mi ò rí obìnrin náà níbì kankan. Ó mọ̀ ọ́n débi pé kò rántí pé èmi ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin tí bọ̀dá yẹn ń fi ṣẹlẹ́yà ńkọ́? Nínú ìtàn rẹ̀, ó kọ́kọ́ ní kí Adé sọ fún Bísí pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ dénú. Mo bi í pé kí ni Adé wá ṣe? Ó fa ìlà sí i, ó tún un kọ, ó tún fa ìlà sí i. Nísinsìnyí, Adé kàn sin Bísí dé gáréèjì ni, ó bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó lọ. Bísí jókòó síwájú Micra, ó ń retí ẹnìkejì tó máa wá fún un mọ́ ilẹ̀kùn. Mọ́tò ṣí. Wọ́n ti dé ọ̀nà Ọ̀yọ́ kó tó béèrè. Dẹ́rẹ́bà ní, "Wọ́n ti san ti ẹni méjì." Ó parí. Mo bi í níbo ló ti rí i. Ó ní ọmọ kan ló rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀ tẹ́sẹ̀ ń dùn.

Ó dáa, ẹni tó ti fẹ́ràn èèyàn rí lè ní ohun kan nínú tí ẹlòmíì ò ní. Mi ò bá a jà. Kó ṣáà wá kọ́ iṣẹ́.

Ibi tó sì ṣòro jù fún gbogbo wọn, wọ́n ì báà lọ́kọ, wọ́n ì báà máà ní, ni ohun tó ń ya olólùfẹ́ méjèèjì inú ìtàn. Òǹkàwé ti mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra. Kó wá máa bẹ̀rù pé bóyá ni, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ìyá ọkọ á yọjú lójú ìwé kejì, á ní òun ò fẹ́, tó bá fi máa di ojú ìwé kẹrin ó ti ń gbàdúrà fún wọn. Kí ló dé tó yí ọkàn padà? Ẹni tí ìyá ọkọ tiẹ̀ bá tún lè dúró pẹ́ díẹ̀, kó gbé ìtàn rẹ̀ wá, màá kà á. Orí bébà o, ẹ má fi sórí WhatsApp sí mi, ojú ń dùn mí.