Èsì wa sí oníbàárà tó fún irin ìgbékọ́ àti pátákó ìgun-ìgbì wa ní ìràwọ̀ 2

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ sì kú ìnáwó. A ti ka ohun tí ẹ kọ: pé irin tí ẹ fi gbé pátákó ìgun-ìgbì kọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ yí lórí afárá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí pátákó sì ń gbá yín lẹ́sẹ̀ títí dé etíkun Sèmè, pé abẹ́ pátákó ti wú, pé odindi ọjọ́ mẹ́ta ni imú rẹ̀ fi ń rì tí ẹ ò lè dìde dúró, nítorí náà kí a gba ti ẹsẹ̀ bàtà 8 yìí, kí a fún yín ní ti ẹsẹ̀ bàtà 6.

Ti irin yẹn, ẹ̀bi wa ni. Ìdè rẹ̀ ti òkè, èyí tó ń di òpó ìjókòó mú, òpó tó nípọn tó milimítà 27 sí 32 la ṣe é fún. Òpó kẹ̀kẹ́ dúdú àtijọ́ bíi tiyín kì í sábà ju 25 lọ. Ó yẹ ká ti béèrè irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń gùn ká tó gbowó. Bó ti wù kí ẹ fún bóòtù le tó, àlàfo milimítà méjì yẹn á máa jẹ́ kó yí. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ gé tíúbù táyà tó ti bàjẹ́, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ẹ wé e mọ́ òpó náà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá gbé ìdè lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún bóòtù méjèèjì, tọ̀tún tòsì. Bí ẹ bá fún ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èkejì, ìdè á wọ́.

Àmọ́ a rí i nínú fọ́tò yín pé imú pátákó kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dáadáa. Mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 44 ni gígùn rẹ̀. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ wá láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn á gbá imú náà bí ìgbà tó gbá ìgbòkun, á sì tì í sí yín lára. Ẹ gbé pátákó lé apá irin kan ṣoṣo. Ibi tí kò ti tẹ̀ síwájú tí kò sì tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fàmì sí i. Àárín apá irin méjèèjì ni kí àmì yẹn bọ́ sí. Kí lẹbẹ rẹ̀, èyí tó dà bíi ti ẹja lábẹ́ ìdí rẹ̀, kọjú síta, kó má baà wọ inú wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ẹ so ó mọ́ apá irin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi okùn kẹta so ìdí rẹ̀ mọ́ kàríà. Okùn ẹsẹ̀, èyí tí ẹ fi ń so pátákó mọ́ ẹsẹ̀ nínú omi, ló léwu jù bó bá ń wọ́ nílẹ̀, torí bí táyà bá ká a, ẹ ti ṣubú nìyẹn. Ẹ wé e mọ́ lẹbẹ. Bí atẹ́gùn bá le lórí afárá, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ máa tì í lọ.

Wíwú yẹn, oòrùn ni. Tapólì dúdú tí ẹ fi wé e ń mú ooru dání, awọ pátákó sì ṣí kúrò lára fóòmù. Aṣọ funfun ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má gún un, omi á wọlé.

Ní ti pàṣípààrọ̀, a ò ní ṣe é, kì í sì í ṣe torí owó. Pátákó yín tó nǹkan bíi lítà 80. Ti ẹsẹ̀ bàtà 6 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ lítà 32. Ẹ ní ẹ wọn kílò 75. Èyí á rì sábẹ́ yín débi pé ìgbì á ti kọjá kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ wa omi dé ibì kankan. Imú tó ń rì, iwájú jù lẹ dùbúlẹ̀ sí. Ẹ sún sẹ́yìn títí imú á fi yọ lójú omi tó ìka mẹ́rin, kí ẹ fàmì sí ibi tí àgbọ̀n yín wà. Bí ìgbì bá gbé yín, ẹ tún wa omi lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ẹ wá tẹ ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àyà, ẹ má di etí pátákó mú, kí ẹ fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà láìkúnlẹ̀. Iwájú ni kí ojú máa wò.

Oṣù kẹjọ tí ẹ lọ gan-an kò dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni ìgbì ńlá ń ti gúúsù Àtìláńtíìkì wá, etíkun wa sì dà gẹ̀rẹ́, ìgbì ń fọ́ lórí iyanrìn gan-an. Ẹ dúró de oṣù kejìlá sí oṣù kejì, kí ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí omi bá fà. Inú ìfófó, níbi tí omi ti mu yín dé ìbàdí, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí pátákó wà láàárín ẹ̀yin àti ìgbì láé. Ìṣàn omi á máa gbé yín lọ sí apá Nàìjíríà, torí náà ẹ mú igi àgbọn kan lójú, kí ẹ máa padà sí ọ̀gangan rẹ̀. Ẹ má dá lọ. Títí dìgbà náà, ọ̀sà Àjàṣẹ́ tó láti fi kọ́ omi wíwà, tẹ́ ẹ bá ti jìnnà sí àkájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú omi kí ẹja lè kó jọ síbẹ̀.

A ó pààrọ̀ ìdè náà sí ti milimítà 25 lọ́fẹ̀ẹ́. A tún ní ọmọlanke kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́. Ká sòótọ́, òun ló yẹ pátákó tó gùn tó báyìí, ẹ lè yá a ní òpin ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá, ẹ má mú irin nìkan wá, ká lè wọn òpó rẹ̀.