Afárá Kì í Lágbára Torí Pé Ó Nípọn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró létí odò kan lọ́nà oko wa níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ti di irin, wọ́n ti kan pákó yí i ká, kọnkéré ni wọ́n ń retí. Bàbá kan tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù iṣu kalẹ̀, wọ́n wo inú pákó náà, wọ́n mi orí. "Tíṣà, èyí fẹ́lẹ́ jù. Sọ fún wọn kí wọ́n dà á nípọn. Ṣé o rí òkúta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́? Ta ló gbọ́ ọ rí pé ó wó?"

Mo bá Bàbá gbé ẹrù padà sórí, n kò bá wọn jiyàn. Ẹni tó ru iṣu láti òwúrọ̀ kọ́ là ń dá dúró sínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí kì í ṣe Bàbá nìkan ló ń sọ ọ́. Mo ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, mo sì ń rí i lọ́dọọdún nínú ìwé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbí ní Èkìtì: afárá tó nípọn, tó wúwo, tí kì í mì rárá, òun ni afárá tó lágbára. Kì í ṣe òótọ́. Ìgbàgbọ́ yìí ń bá wa náwó dànù, àwọn ibòmíràn sì wà tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí.

Ẹ mú rúlà ọmọ ilé ìwé kan. Ẹ to ìwé ní òkìtì méjì, ẹ fi rúlà náà ṣe afárá láàárín wọn ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ wá fi ìka kan tẹ àárín rẹ̀. Á tẹ̀ kòrókòró. Ó yá, ẹ gbé e nàró, kó fi ẹ̀gbẹ́ tín-ín-rín rẹ̀ jókòó, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò ní rí i kó tẹ̀. Rúlà kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan kún un. Bó bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, tó sì nípọn ní mìlímítà 3, ìnàró yẹn mú kó le ju ìdùbúlẹ̀ lọ ní ìlọ́po 100. Ibi tí a gbé ohun èlò sí nìkan ló yàtọ̀.

Ohun tó fà á ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igi ọ̀pẹ méjì tí a gé dábùú odò, afárá tí ọ̀pọ̀ wa ti gbà lọ sóko rí. Bí ènìyàn bá dé àárín rẹ̀, ẹ̀yìn igi náà lókè ń fún pọ̀, ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ sì ń nà bí okùn tí a ń fà. Àárín gbùngbùn igi náà kò ṣe iṣẹ́ púpọ̀: kò fún, kò nà, ó kàn wà níbẹ̀. Ẹ wo ọparun. Inú rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ òun la fi ń gbé dẹ́kìn ró títí kọnkéré á fi le, torí pé ohun tí ì bá wà láàárín rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ikùn yìí ni mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù nínú kíláàsì. Kọnkéré lágbára gan-an bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á, agbára rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé irin sí ikùn bíìmù, irin ló mọ fífà gbà. Bí ẹ bá da ogún àpò sìmẹ́ǹtì lé e láìsí irin nísàlẹ̀, ẹrù lẹ kàn fi kún ẹrù ikùn náà. Ẹ wá wo bàkọ́nì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó na ọwọ́ síta láìní òpó lábẹ́. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: òkè ló ń nà, ìsàlẹ̀ ló ń fún. Òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Mo ti rí bàkọ́nì tó nípọn ju ti gbogbo àdúgbò lọ, tó sì wó kí onílé tó kó wọlé, torí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n tẹ́ irin rẹ̀ sí. Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú ara yín wò ó kí kọnkéré tó bò ó mọ́lẹ̀.

N kò sọ pé nínípọn kò wúlò. Ó wúlò níbi tí agbára ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n kí afárá tó gbé ọkọ̀, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbé, tọ̀sán-tòru, kò sì ní ìsinmi. Galileo ará Ítálì ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1638: bí a bá sọ gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn nǹkan di ìlọ́po méjì, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tó fi ń gbé ìwúwo náà á di ìlọ́po mẹ́rin péré. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ erin kò fi lè rí bíi ti ewúrẹ́. Afárá tó dúró dáadáa ní mítà mẹ́wàá, bí ẹ bá kàn fẹ̀ ẹ́ lójú bẹ́ẹ̀ di ọgọ́rùn-ún mítà, ìwúwo ara rẹ̀ lè pa á.

Ó ti pa ọ̀kan rí. Ní Kánádà, lórí odò St. Lawrence, wọ́n ń kọ́ afárá Quebec, tó yẹ kó na ọwọ́ jáde láti bèbè méjèèjì bíi bàkọ́nì méjì tó fẹ́ pàdé. Àwọn ẹnjiníà fi kún gígùn àárín rẹ̀, láti 1,600 ẹsẹ̀ bàtà sí 1,800, wọn kò sì padà ṣírò ìwúwo rẹ̀ tuntun lásìkò. Irin ń pọ̀ sí i lójú odò, ìṣirò dúró sójú kan nínú ìwé. Lójú ẹni tó bá ń wò ó láti bèbè, irin ńláńlá ni, kí ló lè ṣe é? Àwọn irin ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà níbi iṣẹ́ rí i, wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ síra wọn lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1907, ó wó lulẹ̀, ó sì pa òṣìṣẹ́ 75. Wọn kò tíì ṣí i fún ará ìlú. Mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ bí mo bá dé ibí yìí, kí àwọn ọmọ lè rò ó wò pé àwọn 75 yẹn jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Àwọn kan á ní, "Afárá òkúta àtijọ́ ńkọ́? Ìyẹn nípọn!" Afárá òkúta tó tẹ̀ bí òṣùmàrè kì í gbára lé nínípọn, títẹ̀ rẹ̀ ló gbára lé. Ẹrù tó bá bọ́ lé e á ti òkúta kan mọ́ èkejì, èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, títí dé ilẹ̀ lápá méjèèjì. Fífún pọ̀ ni gbogbo rẹ̀, òkúta sì mọ ìyẹn gbà. Ní Ṣáínà, Li Chun kọ́ irú rẹ̀ sí Zhaozhou ní nǹkan bí ọdún 605, ó fẹsẹ̀ fo mítà 37 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ohun tó ṣe sí èjìká afárá náà ló wù mí: kò fi òkúta dí i pa, ihò méjì ló dá sí èjìká kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo dín kù, bí odò bá sì kún, omi ń gba ibẹ̀ kọjá dípò kó máa ti afárá.

Ìyà ló fi ìmọ̀ yìí kọ́ William Edwards ní Wales. Bíríkìlà ni, oníwàásù sì ni. Ó kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ sórí odò Taff ní Pontypridd, ó parí rẹ̀ ní 1746. Kò pẹ́ púpọ̀, ìkún omi gbé e lọ. Ó pinnu pé òun kò ní ki ẹsẹ̀ kankan bọ odò mọ́, ó ya èyí tó máa fo odò náà lẹ́ẹ̀kan. Kó tó parí, omi gbá igi tó fi gbé e ró lọ. Ó tún un kọ́. Èyí dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá wó, torí èjìká rẹ̀ méjèèjì wúwo débi pé wọ́n ti àárín rẹ̀ sókè títí ó fi bẹ́. Nígbà kẹrin, ní 1756, ó dá ihò róbótó mẹ́ta sí èjìká kọ̀ọ̀kan. Òkúta tó yọ kúrò ló mú kó dúró, ó sì ti lé ní 260 ọdún báyìí.

Òun ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi ohun tí iṣẹ́ ẹnjiníà jẹ́. Kí ló fẹ́ kọjá lórí rẹ̀? Kí ni odò náà máa ń ṣe nínú oṣù kẹsàn-án? Kí lo ní lọ́wọ́, èló sì ni? Yà á, ṣe kékeré rẹ̀, di ẹrù lé e títí á fi ya, kí o wá jókòó ti ibi tó ya náà. Ẹni tó bá kàn fi kọnkéré kún un kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ìgbálẹ̀ la fi ń ṣe kékeré tiwa. Ẹyọ ìgbálẹ̀, òwú àti gọ́ọ̀mù, kó fo àlàfo láàárín tábìlì méjì. A ó so garawa mọ́ àárín rẹ̀, a ó máa fi agolo mílíìkì bu iyanrìn sí i. Ní táàmù tó kọjá, ẹgbẹ́ kan di odindi ìgbálẹ̀ mẹ́ta pọ̀, ó ki bí ẹsẹ̀ àga. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin, tí bàbá ọ̀kan nínú wọn jẹ́ káfíńtà, kò lo tó ìgbálẹ̀ kan. Wọ́n tò ó ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta bí igi òrùlé tí à ń kan páànù mọ́. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, torí pé ojú ń gba inú rẹ̀ kọjá. Agolo mẹ́sàn-án ni ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ gbà kó tó dọ̀bálẹ̀. Ti àwọn ọmọbìnrin gba mọ́kànlélógún, ẹyọ kan kò sì kán nínú rẹ̀. Ojú ìdè kan ló tú. Férémù onígun mẹ́rin, bí ẹ bá ti igun rẹ̀, á yẹ̀. Onígun mẹ́ta kò lè yẹ̀ àfi bí igi kan bá kán. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n to irin afárá Asaba sí Onitsha lórí odò Ọya, tí wọ́n parí ní 1965. Àwọn oyin sì ti mọ̀ pé nínípọn kọ́ ni agbára kí gbogbo wa tó dé: ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń gbé oyin tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Afárá ni èdè wa pe ìyẹn náà.

Ẹ tún wo akọ̀pẹ lórí ọ̀pẹ. Igbà kan ló gbé e dání, kò nípọn tó apá rẹ̀. Okùn kò mọ iṣẹ́ méjì, fífà nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Afárá tí àlàfo òpó méjì rẹ̀ gùn jù ní ayé báyìí, ti Çanakkale ní Tọ́kì tí wọ́n ṣí ní 2022, okùn irin ló gbé e rọ̀: mítà 2,023 láìsí òpó lábẹ́. Ti Lẹ́kí sí Ìkòyí ní Èkó náà, láti 2013, okùn ni, àmọ́ tirẹ̀ ń ti orí òpó bọ̀ tààrà sí ojú ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ sí pé fífẹ́lẹ́ ló wá dára. Afárá Tacoma Narrows ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ọdún 1940, tín-ín-rín jù fún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dí pa bí ògiri. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, afẹ́fẹ́ jù ú síbí jù ú sọ́hùn-ún títí ó fi já. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1950 fẹ̀ sí i, irin onígun mẹ́ta ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ lọ.

Àlàfo tí ọkọ̀ máa ń dún "gbì" lé lórí bí a bá gun afárá ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo ti gbọ́ pé kọngílá ló jẹ owó ibẹ̀. Rárá o. Kọnkéré ọgọ́rùn-ún mítà, bó bá fi 20 degree gbóná sí i láti òwúrọ̀ ọyẹ́ dé ọ̀sán, á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 gùn sí i. Bí kò bá ríbi gùn sí, ara rẹ̀ ni yóò fọ́. Ẹ má ṣe fi kọnkéré dí i. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù ni omi tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òpó, ó wà lára ohun tó ń wó afárá jù lọ ní ayé. Mo mọ afárá kékeré kan nítòsí wa tó ki bí ògiri ààfin, ihò omi rẹ̀ kò sì tóbi. Òjò ọdún kan, omi kò ríbi gbà, ó já gba ẹ̀gbẹ́, ó kó gbogbo yẹ̀pẹ̀ lọ. Afárá náà wà níbẹ̀ ní odindi, kò sí ọ̀nà tó lọ bá a mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo mú rúlà dání lọ kí Bàbá. Wọ́n gbé e dùbúlẹ̀ láàárín àpótí ìjókòó méjì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e nàró, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n wá bi mí pé, "Irin tí àwọn ọmọ yẹn dì, ṣé ikùn ló wà?"

Mo ní, "Bàbá, ikùn ni o, mo rí i."

Wọ́n ní àwọn á gba ibẹ̀ lọ sóko lọ́la, kí àwọn fojú ara àwọn wò ó kí wọ́n tó dà á.