Iṣan Àtọwọ́dá: Kí Wọ́n Jẹ́ Ká Mọ Iye Tí Ẹ̀jẹ̀ Dì Sínú Rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ FDA tó ń rí sí oògùn àti oúnjẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Symvess, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn hù ní láàbù, tí wọ́n sì fọ sẹ́ẹ̀lì náà kúrò kí ara aláìsàn má baà kọ̀ ọ́. Ẹni tí ìjàǹbá já iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò sì ní iṣan tirẹ̀ tí wọ́n lè fi pààrọ̀, ló wà fún. Inú wa dùn sí i gidigidi. Àmọ́ ìwé àṣẹ yẹn kan náà kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló tẹ́ inú iṣan tí a bí mọ́ wa, tín-ín-rín báyìí. Òun ló ń tú èròjà nitric oxide àti prostacyclin jáde, tí platelet, ìyẹn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kó dì, kì í fi í lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan. Iṣan àtọwọ́dá kì í sábà ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rán an mọ́ ara. Ìhòòhò collagen, èròjà tó so ẹran ara pọ̀, ni ẹ̀jẹ̀ bá pàdé, ojú ọgbẹ́ ló sì kà á sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí dì. Nínú iṣan ńlá, ẹ̀jẹ̀ ń sáré, Dacron lásán, ìyẹn aṣọ oníke, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí fífẹ̀ iṣan kò bá tó mìlímítà 6, bíi ti ọkàn àti ti ìsàlẹ̀ orúnkún, kíá ló ń dí. Ojú ìránpọ̀ tún wà: ibi tí iṣan àtọwọ́dá tó le ti pàdé iṣan ara tó rọ̀, ẹran ara máa ń hù sí i díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi há. Iṣan tó là geere lóṣù kìíní lè dí kí ọdún tó yí po.

Láti 1986 tí àwọn olùwádìí Weinberg àti Bell ti fi sẹ́ẹ̀lì ṣe irú iṣan yìí àkọ́kọ́ ní láàbù ni wọ́n ti ń wá ojútùú. Àwọn kan ń fi heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kun inú rẹ̀. Àwọn kan ń gbin sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń hù. Oògùn aspirin ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà.

Ohun tí à ń bèèrè fún nìyí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka iṣan tó ṣì là. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò dí rárá, tí ẹnikẹ́ni kò tún fọwọ́ kàn. Ìkejì kó èyí tó ti dí mọ́ ọn, tí dókítà padà kó ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò nínú rẹ̀ kó lè tún là. Iye kejì ló máa ń pọ̀, òun sì ni ó dùn ún polówó. Kí àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí iṣan wọ̀nyí pàṣẹ pé iye àkọ́kọ́ ni yóò ṣíwájú nínú gbogbo ìròyìn, kí wọ́n máa gbé e síta lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí wọ́n sì pa àṣẹ yìí kí ilé iṣẹ́ mìíràn tó gbé iṣan tirẹ̀ wá.