Èsì wa sí màmá tó fún ìwé ọmọ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, Màmá wa l'Óṣogbo. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ tẹnu yín. Ìràwọ̀ méjì dùn wá, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ yé wa: ewé ìwé ti ń já bọ́ kí ẹ tó kà á dé àárín, ọmọ yín, ọmọ ọdún 5, kò jẹ́ kí ẹ pa iná yàrá mọ́ láti alẹ́ tí ẹ ti ka orí kẹta, ẹ sì ní ọ̀rẹ́ inú ìwé ọ̀hún "kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń tẹ̀ lé e kiri ni."

Ti ewé tó já, ẹ̀bi wa ni. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé yẹn, wọn ò fi òwú rán an, gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sì máa ń rọ̀ tó bá rí ooru. Táyà ọkọ̀ tí a fi í rán láti Ìwó Road bẹ́ ní Ìkirè, ó lo ọ̀sán gbáko nínú oòrùn níbẹ̀ (kì í ṣe dòdò ni dẹ́rẹ́bà dúró rà o), inú búùtù ni ìwé yín sì wà. Òmíràn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Mo ti ní kí ẹni tó ń bá wa di ìwé ní Mọ́kọ́lá fi òwú rán an. Ẹ má dá èyí tó já padà.

Ọjọ́ orí náà, àwa la jẹ̀bi. Ẹ̀yìn ìwé kọ ọdún 7 sí 10. "Fún ọmọdé" lásán ni àwa kọ síbi ìpolówó. A ti tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀rẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ mà, n ò lè gbà fún yín. Ẹ padà síbi tí NEPA ti mú iná lọ, tí nǹkan ń ró kàn-án, kàn-án ní kíṣìnnì. Ọ̀rẹ́ náà ò sọ pé "má bẹ̀rù." Ó bi í pé: "Ṣé ohun tó ń ró yẹn ga jù ẹ́ lọ, àbí ó kúrú?" Ọmọ náà rò ó, ó ní bóyá ó kúrú. Ó gbẹ́sẹ̀ kan. Ẹ̀rù ń ba ọ̀rẹ́ yẹn fúnra rẹ̀: ẹ wo àwòrán rẹ̀, bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wà lọ́mọ ọdún 8, eégún kan tó mú pàṣán dání kọjá ládùúgbò wa n'Íbàdàn níbí. Mo ní kó má sunkún, pé ènìyàn ló wà lábẹ́ aṣọ (ẹ má jẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́). Igbe ló ń ké sí i. Ọmọ aládùúgbò wa, tó fi oṣù mélòó kan jù ú lọ, ló wá dúró tì í lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ní kí àwọn jọ máa ka iye àwọ̀ tó wà lára aṣọ eégún. Wọ́n ti ka mẹ́sàn-án kó tó ṣẹ́ kọ́nà. Èmi tí mo bí i ò rí nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ibi tí ẹ ti dáwọ́ ìwé kíkà dúró ni mo rò pé ó fa wàhálà. Orí kẹta parí síbi tí wọ́n ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Orí kẹrin ni wọ́n tó ṣí i. Ẹni tó bá pa ìwé dé síbẹ̀ lálẹ́ ti fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì nìyẹn. Ẹ ka méjèèjì pọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá sì kúkú fẹ́ gba owó yín, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a ó san 3,500 náírà yín padà.

Tó bá tún ń bèèrè ohun tó ń ró kó tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí orí kejì fún un, kó wo abẹ́ tábìlì inú àwòrán yẹn dáadáa. Ológbò ti wà níbẹ̀ látijọ́, òun àti ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀.