Kí Aláìsàn Tó Buwọ́ Lùwé, Ẹ Sọ Iye Ìgbà Tí Dókítà Ti Lo Rọ́bọ́ọ̀tì Fún Un

Iṣẹ́ abẹ 500,000 lọ́dọọdún ni NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ England, láwọn fẹ́ máa fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣe tó bá fi máa di ọdún 2035. Nǹkan bí 70,000 ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 2023 sí 2024. Wọ́n ní nínú iṣẹ́ abẹ mẹ́wàá tí wọ́n bá gba ojú ihò kéékèèké ṣe, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọn yóò fi ṣe mẹ́sàn-án. Tayọ̀tayọ̀ ni àwọn aláṣẹ fi kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n sì ka àǹfààní rẹ̀ sí wa létí: aláìsàn á tètè gbádùn, á sì tètè relé. A gbọ́. Ohun tí a tẹ́tí títí tí a kò gbọ́ ni iye ìgbà tó yẹ kí dókítà ti jókòó sídìí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó fi ẹ̀mí èèyàn lé e lọ́wọ́, àti ẹni tí yóò máa ka iye náà.

Ìwé ìròyìn yìí ti sọ ọ́ rí, a sì tún ń sọ ọ́: kí òfin wà pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ti fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an, kó tó buwọ́ lùwé. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tó fi ṣòro fún àwọn aláṣẹ láti gbọ́ ni kò yé wa.

A kò bá ẹ̀rọ náà jà. Láti ọdún 2000 tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí rọ́bọ́ọ̀tì iṣẹ́ abẹ tó ń jẹ́ da Vinci ló ti ń fi ohun tó lè ṣe hàn. Ọwọ́ èèyàn a máa gbọ̀n. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n náà dé ẹnu abẹ. Ihò tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan ni irin rẹ̀ ń gbà wọlé, ó sì ń tẹ̀ síbi tí ọrùn ọwọ́ tiwa kò lè tẹ̀ sí, èyí tó wúlò púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn ọkùnrin, níbi tóóró tí puróstéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, New York ni Dókítà Jacques Marescaux jókòó sí tó fi rọ́bọ́ọ̀tì mìíràn yọ àpò òróǹro obìnrin kan tó dùbúlẹ̀ sí Strasbourg nílẹ̀ Faransé. Ta ló fẹ́ sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wúlò?

Àmọ́ ẹ̀rọ náà kì í dá ṣe nǹkan kan. Dókítà ló jókòó sí apá kan yàrá, tó ki ojú bọ ibi ìwòran, tó ń fi ìka darí àwọn apá irin tó wà lórí aláìsàn. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ìka yẹn kò lè mọ bí ẹran ara ṣe le tó tàbí bó ṣe rọ̀ tó lábẹ́ irin. Ẹni tó ti ń fọwọ́ fa okùn ìránṣọ abẹ láti ìgbà èwe rẹ̀ nínú iṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń mọ̀ kí okùn tó já, á jókòó sídìí rọ́bọ́ọ̀tì, ọwọ́ náà á sì di aláìmọ̀kan. Ojú ló gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2024 ni da Vinci 5, tó ń jẹ́ kí ìka mọ agbára tí irin fi ń fa nǹkan, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ FDA. Kò sí ìwé tí èèyàn lè ka kó fi ní irú ìmọ̀ yìí. Àṣetúnṣe ló ń mú un wá. Ìdí rèé tí iye ìgbà fi ṣe pàtàkì, tí oyè dókítà, bó ti wù kó ga tó, kò fi lè dípò rẹ̀.

Ṣé wọ́n ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Newcastle, ní England, ni? Ní ọdún 2015, ilé ìwòsàn Freeman fi rọ́bọ́ọ̀tì tún fáàfù ọkàn ọkùnrin kan ṣe, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí kọ́rónà, ìyẹn aláṣẹ tí òfin yàn láti máa wádìí ohun tó pa èèyàn, wádìí ikú náà ní 2018, ó hàn pé ìdánrawò dókítà lórí ẹ̀rọ náà kò tó, pé àwọn àgbà méjì tó yẹ kó dúró tì í fi yàrá sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, àti pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún aláìsàn pé ewu tirẹ̀ pọ̀ sí i nítorí pé òun ni àkọ́kọ́. Kọ́rónà ní ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà yè ká ní wọ́n là á láyà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó tún sọ pé ó ń kọ òun lóminú pé kò sí òṣùwọ̀n kan fún gbogbo ilẹ̀ náà lórí bí dókítà ṣe gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀rọ tuntun. Àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ ti kọ ìlànà tiwọn láti ìgbà náà, a kí wọn. Ìlànà kì í ṣe òfin. Ilé ìwòsàn tí ojú ń kán lè kà á kó sì gbé e sápá kan.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní 2008, dókítà kan yọ puróstéètì aláìsàn kan. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò dá fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣe é, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì péré tí alábòójútó wà níbẹ̀. Nǹkan bàjẹ́. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà tó sọ pé dandan ni kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kìlọ̀ nípa ewu rẹ̀ fún ilé ìwòsàn tó rà á.

Ẹni tó bá sì rò pé ojú ọgbẹ́ tó kéré ni ìwòsàn, kó bi àwọn tó tẹ̀ lé ìwádìí ọdún 2018 lórí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n là nínú, ó lé ní 96 tí jẹjẹrẹ kò padà sí lára lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n gba ojú ihò kéékèèké ṣe tiwọn, yálà rọ́bọ́ọ̀tì wà níbẹ̀ tàbí kò sí, 86 ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, FDA kìlọ̀ pé a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé rọ́bọ́ọ̀tì dára tó láti fi wo jẹjẹrẹ. Bí kò bá sí pé ẹnì kan ń kọ àbájáde sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ta ni ì bá mọ̀?

A tún wá gbọ́ pé NICE, àjọ tó ń sọ ìtọ́jú tó yẹ kí NHS lò, gba oríṣi rọ́bọ́ọ̀tì mọ́kànlá wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, pé kí NHS máa lò wọ́n fún ọdún mẹ́ta kí ẹ̀rí fi máa wọlé. Kò burú láti kó ẹ̀rí jọ. Ṣùgbọ́n ara àwọn tó wà lórí tábìlì ni wọ́n ti ń kó o, ó sì yẹ kí àwọn yẹn mọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ohun kan tiẹ̀ wà tó ń bí wa nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Irin tó ń wọ ikùn aláìsàn ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n fún púpọ̀ nínú irin da Vinci. Tí iye náà bá ti pé, rọ́bọ́ọ̀tì kò ní gbà á mọ́, ilé ìwòsàn á sì ra òmíràn. Wọ́n lè ka sísọ́ọ̀sì nítorí owó! Tó bá wá kan ẹni tó di sísọ́ọ̀sì mú, wọ́n á ní ìṣirò ṣòro.

Wọ́n tún máa ń sọ pé bí a bá ń sọ iye ìgbà fún aláìsàn, kò sẹ́ni tí yóò gbà fún dókítà tuntun, pé níbo ni yóò ti wá kọ́ṣẹ́? Yóò kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ ìdánrawò, kì í ṣe lára èèyàn. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe é pẹ̀lú àgbà tí kò gbọdọ̀ jáde títí wọn yóò fi rán ojú ọgbẹ́ tó kẹ́yìn. Láti 2009 ni da Vinci ti ní èyí tí èèyàn méjì lè jókòó sí, tí ọ̀gá lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n bá ṣàlàyé èyí fún lè gbà. Èyí tí kò bá gbà, ara tirẹ̀ ni.

Kí Mínísítà ètò ìlera gbé òfin náà lọ sílé ìgbìmọ̀. Kí iye ìgbà wà lórí fọ́ọ̀mù tí aláìsàn ń buwọ́ lù, pẹ̀lú orúkọ alábòójútó. Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sì máa tẹ àbájáde rẹ̀ síta lọ́dọọdún, títí kan iye ìgbà tí wọ́n ti rọ́bọ́ọ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín iṣẹ́ tí wọ́n sì la aláìsàn. Ilé ìwòsàn tí kò bá lè ṣe èyí, kí wọ́n má ta ẹ̀rọ fún un.