Obasa kò bá 1999 wọ ilé aṣòfin Èkó
Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé láti 1999 ni Mudashiru Obasa ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Irọ́ ni. Káńsẹ́lọ̀ ni nígbà yẹn ní ìjọba ìbílẹ̀ Agége, títí di 2002. Ọ̀rọ̀ ọjà àti gọ́tà àdúgbò ni ti káńsẹ́lọ̀, kì í ṣe òfin ìpínlẹ̀. Mamora ló jẹ́ olórí ilé aṣòfin nígbà náà. 2007 ni Obasa wọlé ìbò lọ sí ilé náà láti Agége, 2015 ló sì gba ipò olórí lẹ́yìn Ikuforiji. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ó ti pẹ́ jù, kó ka ọdún rẹ̀ láti 2007. Àga ọ̀hún gan-an ò dúró gbọin: wọ́n yọ ọ́ ní January 2025, Mojisola Meranda jókòó síbẹ̀, kí Obasa tó padà ní March.